Ọ̀fìnkìn ni, fúlúù ni, àbí òtútù àyà? Ìgbà wo ló yẹ ká gbé ọmọ lọ sí ọsibítù?

“Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ilé wa ò ti fara rọ. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kọ́kọ́ ti ilé ìwé dé pẹ̀lú ara gbígbóná. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó mú èmi náà, gbogbo oríkèé ara ń ro mí bí ẹni tí wọ́n fi odó gún. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ló kan Ayọ̀, àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Oníkẹ́míìsì ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, ó gún wa lábẹ́rẹ́, ó fún wa ní oògùn ibà àti Ampiclox. Ìyá ọkọ mi ní ọyẹ́ ló ń jà, pé àgbo ni ká lò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń gbé ládùúgbò wa ní fúlúù ni, pé á lọ fúnra ẹ̀. Ara tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ń yá, ṣùgbọ́n Ayọ̀ tí ara ẹ̀ ti tutù láti ijẹ́ta, ó tún gbóná lóru àná, ikọ́ ẹ̀ sì ti wúwo sí i. Bàbá wọn náà ń wúkọ́, àmọ́ tiẹ̀ ti pẹ́, kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Ìgbà wo ni kí n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, kí n má baà lọ fowó ṣòfò lórí ọ̀fìnkìn? Èmi ni Ìyá Ayọ̀.”

Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Ìdáhùn ni mo máa kọ́kọ́ sọ, àlàyé á máa tẹ̀lé e bọ̀. Ẹ gbé Ayọ̀ lọ kí wọ́n wò ó lónìí yìí. Ara gbígbóná nìkan kò lè mú kí n sọ bẹ́ẹ̀, torí ara ọmọdé ń gbóná lóríṣiríṣi, ó sì máa ń tutù. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé ara ẹ̀ ti tutù fún ọjọ́ bíi méjì, ó tún wá padà gbóná, ikọ́ ẹ̀ sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àìsàn tó bá ti kógbá lọ tó tún ṣẹ́rí padà pẹ̀lú ikọ́ líle, ó lè jẹ́ pé ó ti mú òmíràn dání bọ̀, pàápàá òtútù àyà, ìyẹn àìsàn inú ẹ̀dọ̀fóró tó ń mú kí èémí máa yá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nínú ìlú yìí, ibi tí wọ́n ti ń gba aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, n kì í jẹ́ kó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ ná. Tó bá ń sùn, ó tún dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí èémí tí ẹ bá kà nígbà tó ń sunkún, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ ká aṣọ ẹ̀ sókè dé àyà, kí ẹ wo ikùn ẹ̀ bó ṣe ń ru sókè tó ń lọ sílẹ̀. Ríru sókè kan àti lílọ sílẹ̀ kan, ẹyọ kan nìyẹn. Ẹ fi fóònù yín wo aago, kí ẹ kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má kà á fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, nítorí èémí ọmọdé kì í lọ déédéé, ó máa ń sáré, ó sì máa ń dúró díẹ̀. Ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé márùn-ún, bí Ayọ̀, tó bá ti mí tó 40 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti yá jù. Ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50 ni tiẹ̀. Èyí tí kò tíì pé oṣù méjì, 60. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló gbé òǹkà yìí kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìlera tí kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́, mo sì ti rí i tó gba ọ̀pọ̀ ọmọ là ju ìgò oògùn lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ìsàlẹ̀ àyà ẹ̀, níbi tí egungun ìhà parí sí. Tó bá ń mí sínú, ṣé ibẹ̀ ń wọnú bí ẹni pé okùn kan ń fà á láti inú lọ́hùn-ún? Ṣé ihò imú ẹ̀ ń fẹ̀? Ṣé ó ń kùn ní gbogbo ìgbà tó bá mí síta? Ọ̀kan péré nínú wọn ti tó. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni láti oko tàbí láti ọjà.

Tí ẹ bá kà á tó jẹ́ 30, tí àyà ẹ̀ ò wọnú, ẹ ṣì gbé e lọ nítorí ìpadàbọ̀ ara gbígbóná yẹn, ṣùgbọ́n ẹ lè fara balẹ̀ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ohun tó kọlù yín nílé. Mi ò rí yín, èèyàn ò sì lè fi lẹ́tà yẹ àyà wò, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe tò ó lẹ́sẹẹsẹ yẹn, fúlúù ló jọ jù lójú mi. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ó bẹ̀rẹ̀ lójijì, ọmọ yín àgbà ló mú un wálé láti ilé ìwé, ó sì ń bọ́ sára ẹnìkan tẹ̀ lé ẹnìkan láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kòkòrò tó ń fa fúlúù, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì, kì í gbà ju ọjọ́ kan sí mẹ́rin lọ lára kó tó fojú hàn. Ẹni tó ní i sì ti lè máa kó o ran ẹlòmíì láti ọjọ́ kan kí òun fúnra ẹ̀ tó mọ̀. Nígbà tí ẹ fi máa mọ̀ pé ara ẹ̀gbọ́n Ayọ̀ gbóná, ẹ ti jọ jẹun, ẹ ti jọ sùn.

Fúlúù àti ọ̀fìnkìn lásán kì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kan náà la fi ń pè wọ́n. Ọ̀fìnkìn máa ń yọ́ wọlé ni. Imú á máa rin, èèyàn á sín lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀fun á máa yún un díẹ̀díẹ̀, ẹni náà á sì ṣì máa fi aṣọ nu imú, á máa fi kọ́ńgò wọn èlùbọ́ fún oníbàárà. Ẹni tí fúlúù bá mú, orí àpò èlùbọ́ yẹn ló máa gbé orí lé. Tí mo bá bi irú wọn pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè sọ aago fún mi. “Mo jẹ àmàlà lọ́sàn-án, ara mi le koko. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, mi ò lè na ẹsẹ̀.” Ara á gbóná, òtútù á máa mú un nínú aṣọ òtútù, orí á máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn àti itan á máa ro ó, ikọ́ gbígbẹ á tẹ̀lé e. Ọmọdé tún lè bì tàbí kó yàgbẹ́ gbuuru, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àwọn kan á ní inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ara gbígbóná sábà máa ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, èèyàn á bọ́ sípò láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ àti àárẹ̀ lè fà á dé ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, òótọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yín sọ pé ó máa ń lọ fúnra ẹ̀. Ohun tí kò sọ ni pé kì í ṣe lára gbogbo èèyàn. Fúlúù kan náà yìí ló gba orí omi wọ Èkó lọ́dún 1918, tó pa èèyàn rẹpẹtẹ káàkiri ilẹ̀ wa, débi pé ẹgbẹ́ àdúrà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà wà lára ibi tí ìjọ Aládùúrà ti hù.

Ìyá ọkọ yín ò ṣìnà tán o. Ọyẹ́ máa ń gbẹ imú àti ọ̀fun, eruku ẹ̀ ń fa ikọ́, ó sì ń mú ká ti fèrèsé pa ká kóra jọ sínú yàrá kan, ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò ti ń rí ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ fúnra ẹ̀ kì í mú ara gbóná, kì í sì í fò láti ara ọmọ bọ́ sára ìyá. Omi tútù àti òjò tí wọ́n tún máa ń di ẹ̀bi lé lórí, ọ̀rọ̀ wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fúlúù ń jà nígbà òjò náà nílùú wa, ọyẹ́ ò sì sí níbẹ̀ nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ oníkẹ́míìsì ló máa gba àlàyé jù, nítorí ibẹ̀ ni owó yín wọlẹ̀ sí. “Ibà àti táífọ́ọ̀dù” ti di orúkọ kan ṣoṣo lẹ́nu wa, bí ìgbà tí wọ́n bí wọn ní ìbejì. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà máa ń mú ara gbóná lóòótọ́, ó ń fa òtútù, ẹ̀fọ́rí àti ara ríro bíi ti fúlúù gẹ́lẹ́. Èmi tí mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, mi ò lè fojú lásán yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà gbogbo. Àmọ́ ibà kì í sábà mú kí imú máa rin kí ọ̀fun máa dunni, kì í sì í tò lọ láti ẹnìkan sí ẹnìkejì bí ẹni pín ìwé ìpè. Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan láti orí ìka, èsì á jáde láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ẹ bi oníkẹ́míìsì yín bóyá ó ṣe é. Tó bá gbé oògùn ibà fún èèyàn mẹ́ta láìgún ìka ẹnì kan, ó méfò ni. Kẹ́ ẹ sì mọ èyí náà pé kódà tí àyẹ̀wò bá ní ibà wà lára ọmọ, ẹjọ́ ò tíì parí, torí ọ̀pọ̀ ọmọ níbí ló ń gbé kòkòrò ibà kiri lára nígbà tí nǹkan mìíràn ń ṣe wọ́n. Èémí tó bá ń yá, ẹ má jẹ́ kí ìwé ibà bo ojú yín. Ti táífọ́ọ̀dù tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n máa ń ṣe ní láàbù kéékèèké lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún ẹni tó ti ní i rí tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, kó má sì sí táífọ́ọ̀dù kankan lára ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ampiclox kò lè pa kòkòrò fúlúù. Bí ẹ lo páálí mẹ́ta, kò ní gbọ́. Bákan náà ni gbogbo oògùn apakòkòrò, ìyẹn áńtíbáyọ́tíìkì, tí a máa ń ra ní horo mẹ́rin mẹ́rin. Ohun tí ìlò ségesège yẹn ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn kòkòrò míì lára wa bí wọ́n ṣe máa sá fún oògùn náà, tó bá wá di ọjọ́ tí òtútù àyà gangan dé, oògùn á ti di omi. Oògùn apakòkòrò ní iṣẹ́ tiẹ̀. Tí wọ́n bá wo Ayọ̀ lónìí tí wọ́n ní òtútù àyà ti wọ̀ ọ́, wọ́n máa fún un ní ọ̀kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ lò ó tán pátápátá, kódà tó bá ti ń sáré kiri lọ́jọ́ kejì. Ti abẹ́rẹ́ tí oníkẹ́míìsì gún yín, ẹ padà lọ bi í lórúkọ, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, torí wọ́n máa bi yín ní ọsibítù.

Kí ẹ má baà rò pé mò ń fi ìka na oníkẹ́míìsì nìkan, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Lọ́dún kan, ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ara ẹ̀ ò gbóná. Ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi sì ti ṣe ọ̀fìnkìn lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ó fi orúkọ àbúrò ẹ̀ tó ti kú pè mí, mo rẹ́rìn-ín, mo ní àgbà ti ń dé. Nọ́ọ̀sì ni mí o. Mo fún un ní oògùn ibà, mo sì lọ síbi iṣẹ́ lọ ka èémí ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tí mo dé lálẹ́, mo fẹ́ yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èjìká ẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré. Òtútù àyà ni. Ọlọ́run bá mi ṣe é, ó yè, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò ní wọ́ọ̀dù. Ara àgbàlagbà lè má gbóná rárá nígbà tí àìsàn ńlá bá wà níbẹ̀. Tí ìyá ọkọ yín bá dédé ń sọ̀sọkúsọ, tí kò mọ ilé mọ́, tàbí tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ lákòókò tí gbogbo ilé ń wúkọ́ yìí, ẹ má sọ pé ogbó ni.

Àwọn kan wà tí mi ò ní sọ fún pé kí wọ́n dúró wò ó. Aláboyún ni àkọ́kọ́, torí fúlúù máa ń le mọ́ wọn, ó sì lè pa oyún lára. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì wà níbẹ̀, pàápàá èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ọmọ oṣù mẹ́ta sísàlẹ̀ tí ara ẹ̀ bá ti gbóná, ọsibítù ni lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní kọ́kọ́ fún un ní ohunkóhun wò. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65, ẹni tó ní ásímà, àtọ̀gbẹ, àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, ẹni tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV, àti àwọn ọmọ wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Oògùn kan wà tó ń bá kòkòrò fúlúù fúnra ẹ̀ jà, oseltamivir lorúkọ ẹ̀. Láàárín wákàtí 48 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ ló ti wúlò jù, ìyẹn ló fi jẹ́ pé irú àwọn èèyàn yìí gbọ́dọ̀ tètè lọ. Dókítà ló ń kọ ọ́, ẹ má lọ máa wá a kiri kẹ́míìsì.

Fún ẹ̀yin tí ara yín le tẹ́lẹ̀, ilé ni a ti ń tọ́jú fúlúù. Ìsinmi, omi púpọ̀, ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ ata tó lómi, parasítámọ́ọ̀lù. Ẹ fara balẹ̀ lórí parasítámọ́ọ̀lù yìí. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lo ju 4,000 mílígíráàmù lọ láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn horo mẹ́jọ oní-500. Ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn tí wọ́n pa pọ̀ sínú páálí aláràbarà ló ti ní parasítámọ́ọ̀lù nínú, tí ẹ bá wá lo méjèèjì pọ̀, ẹ̀dọ̀ yín ló ń sanwó ẹ̀. Ti ọmọdé, bó ṣe wúwo sí la fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí wọ́n ń fi dírọ́pà kán sí ìkókó lẹ́nu sábà máa ń le ju ti inú ìgò tí wọ́n ń fi ṣíbí fúnni lọ, nítorí náà, ẹ má fi ṣíbí wọn ti dírọ́pà. Ẹ má fún ọmọdé ní asipirín rárá nígbà fúlúù, ó lè kọlu ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ẹ̀. Oyin máa ń tu ikọ́ lára, àmọ́ kí ọmọ ti pé ọdún kan. Ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná, ẹ bọ́ aṣọ òtútù kúrò lára ẹ̀, ẹ má fi omi yìnyín pa á lára.

Lórí àgbo, mi ò ní purọ́ fún yín. Ewé efinrin tí wọ́n sè tí àgbàlagbà mu díẹ̀, mi ò lè sọ pé ó ti pa ẹnì kan lójú mi. Ohun tí mo ń bá jà ni àwọn nǹkan mẹ́ta tí mo ti rí lára ọmọdé. Èkíní ni àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n fi ewé tábà sí, tí wọ́n ń fún ọmọ tí gìrì mú. Májèlé ni. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ọmọ tó yẹ kó jí á wá sùn lọ títí. Èkejì ni àdín tí wọ́n ń kán sí imú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n tẹ́ ọmọ sí itan, kí wọ́n di imú ẹ̀, kí wọ́n máa da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lẹ́nu tipátipá. Ọmọ tó ń sáré mí kò lè gbé nǹkan mì bó ṣe yẹ, ó máa fà á sínú àyà. Ìkejì àti ìkẹta yìí, àwọn gan-an ló ń dá òtútù àyà sílẹ̀ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Tí gìrì bá mú ọmọ, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹ̀ sí iná, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ.

Lára àgbàlagbà, èyí tí kò gbọ́dọ̀ rí ilẹ̀ mọ́ nílé ni kí èémí máa há nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, kí àyà máa dùn ún tó bá mí kanlẹ̀, kó máa wú ẹ̀jẹ̀, kí ojú ẹ̀ máa ṣú tàbí kó má mọ ibi tó wà, kó máa bì débi pé omi ò dúró nínú ẹ̀. Ara tó ń gbóná kọjá ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tó lọ tó tún padà, òun náà wà níbẹ̀. Ti ọmọdé, ẹ fi èyí kún un: kó má lè mu ọmú tàbí omi, kí ó máa sùn tí ẹ bá jí i tí kò dáhùn, kó sunkún láìsí omijé, kó má tọ̀ fún wákàtí mẹ́jọ. Wọ́n máa ń ní ká wo ètè bóyá ó ti ń di búlúù. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ètè lè tan èèyàn jẹ, inú ẹnu, ahọ́n àti èékánná ni kí ẹ wò. Ọrùn tó bá gan, tí orí kò ṣeé tẹ̀ síwájú, kì í ṣe fúlúù. Ara gbígbóná pẹ̀lú ojú pípọ́n àti nǹkan wẹẹrẹ tó ń sú láti ojú wá sí ara, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó fún èéyi, tí wọ́n ń pè ní measles. Tí ara bá gbóná, tí ọ̀fun ń dunni, tí oògùn ibà ò sì ràn án, tí eku sì ń rin orí gààrí yín lóru, ẹ sọ ọ̀rọ̀ eku yẹn fún wọn ní gbangba, torí ibà Lassa máa ń fi aṣọ fúlúù bora níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá bi mí nípa owó. Ó yé mi. Kẹ́míìsì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tajà láwìn, kì í sì í béèrè káàdì. Fún parasítámọ́ọ̀lù àti omi oníyọ̀ ìtọ́jú ìgbẹ́ gbuuru, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ka èémí, kò sì lè gbọ́ ohun tó ń lọ nínú àyà. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ lówùúrọ̀, owó ibẹ̀ kì í sábà pọ̀, wọ́n mọ òǹkà tí mo kọ sókè yìí, wọ́n sì lè ṣe àyẹ̀wò ibà. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹ lè débẹ̀ lóru kẹ́ ẹ má bá ẹnì kan. Tí àyà Ayọ̀ bá ti ń wọnú, tàbí tí kò lè mumi, ẹ fo ibẹ̀ kọjá, ẹ gbé e lọ tààrà sí ọsibítù ìjọba tàbí ọ̀kan nínú ọsibítù olùkọ́ni méjèèjì tó wà nílùú, ti Bowen tàbí ti LAUTECH, níbi tí atẹ́gùn ọ́síjìn wà. Ẹ máa tò lóòótọ́, ẹ sì máa sanwó káàdì. Ẹ má jókòó dákẹ́ sórí ìlà o. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tí ẹ bá kọ́kọ́ rí pé, “Èémí ọmọ mi ń yá, mo kà á, ó jẹ́ báyìí.” Nọ́ńbà yẹn máa ń jẹ́ ká dìde. Owó tí ẹ ná lórí abẹ́rẹ́ àti Ampiclox èèyàn mẹ́ta yẹn, ẹ ṣírò ẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé owó káàdì.

Ẹ yẹ ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára Ayọ̀ wò kẹ́ ẹ tó jáde, kẹ́ ẹ sì mú un dání. Abẹ́rẹ́ PCV àti Penta tí wọ́n ń gún ìkókó ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 wà lára ohun tó ń dènà òtútù àyà tó le. Abẹ́rẹ́ ti fúlúù fúnra ẹ̀ kò sí lára èyí tí ìjọba ń gún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, ọdọọdún ni wọ́n sì máa ń tún un gún nítorí kòkòrò náà ń pààrọ̀ ẹ̀wù. Tí owó bá wà, mo fara mọ́ ọn fún aláboyún, àgbàlagbà àti ẹni tó ní ásímà. Tí kò bá sí, fèrèsé ṣíṣí àti ọṣẹ lọ́wọ́ ò wọ́n. Ẹ̀yin náà lè padà sí Ọjà Jagun tí ara yín bá ti tutù fún odindi ọjọ́ kan láìlo parasítámọ́ọ̀lù, kẹ́ ẹ máa wúkọ́ sí ìgúnpá, kó má jẹ́ sórí èlùbọ́.

Ó ku bàbá wọn. Ìlà kan péré lẹ fi sọ tiẹ̀, òun sì lọ̀rọ̀ ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín. Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo tàbí oògùn ikọ́ dù mọ́. Ó lè má jẹ́ nǹkan, ó sì lè jẹ́ ikọ́ fée, èyí tí wọ́n ń pè ní TB. Ṣé ó ń làágùn lóru títí aṣọ fi ń tutù? Ṣé ṣòkòtò ẹ̀ ti ń tóbi jù ú lọ? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ ní ọsibítù ìjọba, ọ̀fẹ́ ni oògùn ẹ̀, oṣù mẹ́fà la sábà máa ń lò ó, ó sì ń lọ. Ẹ sọ fún ẹni tó bá ń wo Ayọ̀ lónìí pé bàbá ẹ̀ ti ń wúkọ́ láti ìgbà báyìí, torí ohun tí wọ́n máa wá lára ọmọ náà á yí padà. Ike kékeré ni wọ́n máa fún bàbá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ikọ́ hú wá láti inú àyà ni wọ́n ń fẹ́, itọ́ ẹnu ò wúlò fún wọn. Tó bá jí láàárọ̀, kó fi omi lásán yọ ẹnu, kó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó wá wú u sínú ike náà. Ẹ̀yìnkùlé níta gbangba ni kó ti ṣe é, kó má jẹ́ nínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn.